Orúkọ Mẹ́fà Lójú Ewé Kẹsàn-án

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Verdano nílùú Takeba. Tí ẹ bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an, màá ní gbogbo iṣẹ́ tí ẹlòmíì ò fẹ́ ṣe ni. Èmi ni mò ń kọ ìwé pélébé tí à ń pín lẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìdíje. Èmi ni mò ń gbé fóònù táwọn èèyàn bá pè láti bú wa. Bí atẹ́gùn bá já aṣọ àkọlé wa lulẹ̀, èmi Kunisaki náà ni màá gun àkàbà lọ so ó. Nígbà tí mo dé, ìpele kejì la wà, a sì ń sọ fáráyé pé a ò ní pẹ́ gòkè. Kàkà ká gòkè, ìpele kẹta la já sí, ibẹ̀ la sì jókòó sí dòní. Ààrẹ mẹ́fà ni mo ti sìn. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó ni wá ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ nígbà tó bá ku ọdún mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n fẹ̀yìn tì, bí ìgbà téèyàn bá gbé àga tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti ń mì lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn.

Ní oṣù Kẹta ọdọọdún, kí ìdíje ọdún tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Sonoda máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá bá mi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Ó kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni ò tẹ̀. Á gbé ẹ̀fọ́ takana tó fi iyọ̀ rẹ fúnra rẹ̀ sórí tábìlì mi, á sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi àga lọ̀ ọ́.

"Kunisaki, ṣé irọ́ yẹn náà lẹ ṣì ń pa?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Òun náà la ṣì wà lẹ́nu ẹ̀."

"Ọdún wo lẹ ní wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀?"

"1994, mà."

"Hẹn-ẹn. Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ yìí."

Òótọ́ ló ń sọ. Ní 1956, àwọn tó ń wa èédú ní Okutani dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń wọ̀, pápá etí odò ni wọ́n sì ti ń gbá a. Nígbà tí wọ́n ti ihò èédú pa ní 1970, àwọn tí kò bá ìyókù ṣí lọ sí Osaka ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Wọ́n kó aṣọ aláwọ̀ ewé wọn dání lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ lórí pápá kan náà. Ẹgbẹ́ onísìmẹ́ǹtì yìí ló wá di ti olówó oṣù ní 1994, tí wọ́n sọ ọ́ ní Verdano, orúkọ tí mi ò tíì rẹ́ni tó lè sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún mi. Lójú Ìyá Sonoda, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni látìbẹ̀rẹ̀. Lójú àwọn ọ̀gá wa, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1994 kò ju eré àwọn òṣìṣẹ́ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, à ń palẹ̀ mọ́ fún ayẹyẹ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí Ìyá Sonoda rí aṣọ àkọlé ńlá tí mo tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ "30" gàdàgbà sí, kò bú mi. Ó kàn dúró wò ó.

"Ẹ ti wá tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ báyìí," ló wí. Ó gbàgbé àpò rẹ̀ sórí àga, mo ní láti sáré gbé e lé e lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n bá ààrẹ sọ̀rọ̀.

Ààrẹ wa, Ọ̀gbẹ́ni Minagawa, kì í ṣèèyàn burúkú. Oúnjẹ ọ̀sán ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan."

"Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn ni, àbí?"

"Òun ni, sà."

"Kunisaki, gbọ́ mi. A ti tẹ ọgbọ̀n sára ife, a ti tẹ̀ ẹ́ sára tówẹ̀lì, àwọn onígbọ̀wọ́ ti kọ ọ́ sára ọkọ̀ wọn. Ṣé kí n wá máa lọ láti ilé dé ilé pé ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ̀n yẹn, méjìdínláàádọ́rin ni?"

"Rárá, sà. Ojú ewé kan ni mo ń tọrọ nínú ìwé ọjọ́ ayẹyẹ."

Ó jẹun díẹ̀ sí i. "Ṣé ẹnikẹ́ni ṣì wà láyé nínú àwọn tó gbá a nígbà náà?"

"Ẹnì kan, sà. Ọkọ ìyá náà."

"Ó dáa. Mú un wá. Kó jáde sórí pápá, kó juwọ́ sáwọn èèyàn, ká ya fọ́tò. O lè wá kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà."

Mo gun òkè Okutani lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé gbọọrọ tí wọ́n kọ́ fáwọn awakùsà ni tọkọtaya náà ṣì ń gbé. Nínú ojúlé mọ́kànlá tó wà nínú ilé náà, mẹ́ta péré ló ní èèyàn. Bàbá Sonoda Eikichi jókòó sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni. Èédú ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ tipẹ́, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń fa páànù lórí yanrìn.

"Baba Noriko, ẹni tí mo sọ fún yín rèé," ìyàwó rẹ̀ wí. Noriko ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. "Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló bá wá."

"Mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí," bàbá náà wí, kò gbójú sókè.

"Ẹ ò gbá bọ́ọ̀lù rí! Ta ló wá ni aṣọ nọ́ńbà mẹ́jọ tí mo fi gbogbo ọ̀gìnnìtìn fọ̀, tí ọwọ́ mi ń bó?"

"Ẹni yẹn ti kú." Ó wá wò mí. "Ẹgbẹ́ tó o ń wí ti kú. Àwa náà la sin ín. Èyí tẹ́ ẹ ní nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ọmọ ẹlòmíì ni. Ẹ tọ́ ọ bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé àwa la bí i."

"Sà, fọ́tò kan péré ni. Ẹ ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀."

"Ṣé ó ti sọ ti Mitsuo fún ẹ?"

Mo wo ìyàwó rẹ̀. Ó dìde, ó ní omi ń hó lórí iná. Kò sí omi kankan lórí iná. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá náà sọ ọ́ fún mi ní ẹyọ-ẹyọ, ó ń dúró mí láàárín. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù Kẹwàá 1964. Ẹgbẹ́ wọn ní ìdíje nílùú Kokura. Mẹ́fà nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ló yẹ kó wọ ihò fún iṣẹ́ ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣe: olúkúlùkù bẹ ẹnì kan kó gba iṣẹ́ ṣe fún un, òun náà á san án padà lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú ìgò ọtí kan. Ẹni tó gba ti Eikichi ni Harada Mitsuo, àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni.

"A borí," ó wí. "À ń kọrin bọ̀ nínú lọ́rì. Ìgbà tá a yọ ní kọ́nà òkè yìí la rí èéfín. Gbogbo obìnrin ìlú wà lẹ́nu géètì. Ìyàwó mi rí mi bí mo ṣe bẹ́ sílẹ̀. Ó sáré wá dì mọ́ mi. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ ò sí nísàlẹ̀! Ẹ ò sí nísàlẹ̀!'" Ó mí. "Kò mọ̀ pé Mitsuo ló gba iṣẹ́ mi. Èmi ni mo sọ fún un. Níbẹ̀ yẹn náà. Ó ṣì dì mọ́ mi."

Gáàsì ló bú gbàù nínú ihò. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló kú. Gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó dúró fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wà nínú wọn.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tẹ́ni tí kò mọ ohun tó máa sọ máa ń sọ. Mo ní, "Bọ́ọ̀lù kọ́ ló pa wọ́n, sà."

"Mo mọ̀. Gáàsì ni." Ó padà sídìí èékánná rẹ̀. "Máa lọ sílé."

Ìyá Sonoda sìn mí dé ibi àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sí títì.

"Ṣó o ti gbọ́ ọ?"

"Mo ti gbọ́ ọ, mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi ní gbogbo ọdún yìí?"

"Kí n máa fi àbúrò mi tọrọ nǹkan?" Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. "Wò ó. Bàbá yẹn ní kẹ́ ẹ gbàgbé ẹgbẹ́ náà nítorí Mitsuo. Èmi ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí Mitsuo. Tó bá jẹ́ 1994 lẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, kí ni àbúrò mi wá lọ ṣe nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ta ló dúró fún?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì tó wà ní ìdajì òkè ni òkúta ìrántí àwọn tó kú nínú ihò náà wà. Ọjọ́ ìsinmi mi ni mo lọ. Mo fi ọwọ́ họ ewédò kúrò lójú òkúta náà, mo sì da orúkọ mọ́kànlélógójì kọ, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìgbà tí mo parí ni mo rí i pé mi ò mọ àwọn mẹ́fà tí mò ń wá. Òkúta náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè yà wọ́n fún mi.

Bàbá Sonoda wo bébà náà fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ó máa fà á ya. Ó na ọwọ́, mo fi pẹ́ńsù lé e lọ́wọ́, ó sì fi òbìrípo kékeré yí orúkọ kan ká, lẹ́yìn náà òmíràn. Kò ronú lórí èyíkéyìí. Ó pé mẹ́fà, ó dá pẹ́ńsù padà.

"Kọ tiwọn. Má kọ tèmi. Má sì kọ ọ́ pé a borí."

Ohun tí mo kọ kò ju ìdajì ojú ewé lọ. Mo kọ ọ́ pé ní 1956, àwọn awakùsà Okutani dá ẹgbẹ́ aláṣọ ewé sílẹ̀, pé ní ọjọ́ Sátidé kan ní 1964, ẹgbẹ́ náà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Kokura, àti pé àwọn mẹ́fà yìí ló wọ ihò dípò àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọn ò sì padà jáde: Ejima Tokuji, Furusho Denichi, Harada Mitsuo, Nagae Yoshinori, Ogata Rokuro, Wakiyama Sadao.

Ọ̀gbẹ́ni Minagawa kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Agbábọ́ọ̀lù tó o ní wàá mú wá dà?"

"Ó kọ̀, sà."

"Àdéhùn wa ti tán nìyẹn. Kunisaki, àwọn èèyàn ń bọ̀ wá jẹ adìyẹ yíyan, wọ́n ń bọ̀ wá mu bíà, ìwọ fẹ́ fi òkú lọ̀ wọ́n."

Ó yẹ kí n tẹrí ba, kí n jáde. Ohun tí mo ti ń ṣe fọ́dún mẹ́tàlélógún nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ò kàn gbé ni. Kì í ṣe ìgboyà. Ó jọ ìgbà téèyàn bá gbé ẹrù dé ibì kan, tí kò sì lè gbé e kọjá ibẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá, ó rẹ̀ mí. Mo ti kọ ọ́ nínú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mọkànlá pé a máa gòkè lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ tá a lé dànù, mo kọ ọ́ pé àwọn ló fẹ́ lọ. Mo ti pe ọ̀mì ní ìṣẹ́gun. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò rò pé mo ti kọ irú ẹ̀ rí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi táì rẹ̀ nù ún. Oṣù mọ́kànlá ló kù kó fẹ̀yìn tì.

"Ojú ewé wo ló láyè?"

"Kẹsàn-án, sà. Ìdajì."

"Má jẹ́ kí n rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mi ò rí i."

Òjò ò dá lọ́jọ́ ayẹyẹ. Èèyàn ẹgbẹ̀rún kan lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló wá, àwọn àlejò wa sì nà wá ní méjì sódo. Ní ìsinmi ìdajì, mo gba ẹ̀yìn àwọn àga kọjá. Ìwé pélébé mi wà lórí èèyàn káàkiri, wọ́n fi ń bo irun nítorí òjò. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ wà láàárín ìpolówó ilé oúnjẹ kan àti ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má gbé mọ́tò sí iwájú ilé onílé.

Ìyá Sonoda dá jókòó lábẹ́ ibi tí òrùlé dé, ó ṣí ìwé náà lé orúnkún. Mo jókòó tì í. Ó ti kà á tán. Mo ń retí kó sọ nǹkan kan, mi ò mọ irú nǹkan tó jẹ́.

"Ẹ ṣi orúkọ Mitsuo kọ," ló wí.

"Orí òkúta ni mo ti wò ó, mà. Bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

"Mo mọ̀. Orí òkúta yẹn náà ni wọ́n ti ṣì í. Àmì tó túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ la fi ń kọ Mitsuo wa. Àwọn yẹn fi àmì ẹẹ́ta, tí ìpè rẹ̀ jọ ọ́, kọ ọ́, bí ẹni pé ọmọkùnrin kẹta ni. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni màmá wa bí."

"Ọgọ́ta ọdún, mà! Ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ta ni kí n sọ fún? Òkú mọ́kànlélógójì wà nílẹ̀, kí n wá máa jà lórí lẹ́tà?" Ó fi ìka pa omi kúrò lójú bébà náà. "Màmá mi ò mọ̀wé. Wọ́n fi ibẹ̀ hàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, látọjọ́ náà títí tó fi kú ló ń lọ fọwọ́ pa á, ara ẹ̀ á sì fúyẹ́. Ṣé kí n wá sọ fún un pé orúkọ ọmọ ẹ̀ kọ́ ló ń fọwọ́ pa?"

Wọ́n fọn fèrè, àwọn ọmọ wa sì tún sáré jáde sínú òjò. A ò wò wọ́n.

"Màá tún un ṣe nínú ìwé tó ń bọ̀, mà."

"Ṣé wọ́n á jẹ́ kó o tún un ṣe?"

Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀. Ó kàn ń béèrè ni.

"Wọn ò ní mọ̀," ni mo sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, gbólóhùn méjì wà nísàlẹ̀ ojú ewé kẹsàn-án: "Nínú ìwé wa tó kọjá, a ṣi orúkọ Harada Mitsuo kọ, àmì ìmọ́lẹ̀ ló yẹ ká fi kọ ọ́. Ẹ forí jì wá." Ẹnì kan ṣoṣo ló pè wá lórí fóònù lọ́sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ pápá ló sì bá wá.

Mo mú ẹ̀dà méjì lọ fún wọn lórí òkè. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú kan ní ìlà oòrùn dé ni, wákàtí mọ́kànlá nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti nà wá níbẹ̀ náà. Ìyá Sonoda ka gbólóhùn méjèèjì, ó pa ìwé náà dé, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Kò dúpẹ́, èmi náà ò retí ọpẹ́. Ó fún mi ní tíì àti ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ takana. Oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹní ilẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fẹ̀yìn ti ògiri kí n lè sinmi fún ìṣẹ́jú kan.

Ìgbà tí mo jí, wọ́n ti fi aṣọ bò mí. Mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

"Mitsuo ò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá," bàbá náà ń sọ. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, òsì ni."

"Ẹ̀ ń parọ́. Ó gbá a wọlé lọ́jọ́ àjọ̀dún awakùsà."

"Àwọ̀n tiwa ló gbá a sí!"

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. Mo gbọ́ tí bàbá náà ń mí, tó ń wá agbára tó máa fi sọ̀rọ̀.

"Ó ní kí n ra búrẹ́dì ẹlẹ́wà dídùn bọ̀ fún òun láti Kokura. Mo rà á. Ó wà lápò mi nígbà tí mo bẹ́ sílẹ̀."

"Kí lẹ wá fi ṣe?"

"Mo jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta. Ebi ń pa mí."

Mo gbọ́ tí ìyá náà ń da tíì sí ife.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ì bá bàjẹ́ ni."

Mi ò lajú. Mo gbọ́ bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin tó ń kọjá lọ nísàlẹ̀ òkè, mo sì jẹ́ kó máa lọ.